Sọ́fítíwíà òmìnira wo ni mo lè fi gba orin àpàlà bàbá mi àgbà sílẹ̀?

Ọmọ Alágídìgbo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bàbá mi àgbà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n sì ti ń lu agídìgbo nínú ẹgbẹ́ àpàlà kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, àwọn márùn-ún péré ló kù: Bàbá fúnra wọn, ẹni tó ń lu àdàmọ̀, onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti alágogo tó tún ń gbè orin. Orin tó wà lórí wọn pọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ti gbà sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé a ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a kó wọn lọ sí sítúdíò kan, wọ́n kọ orin mẹ́rin, a sì sanwó. Sọ́fítíwíà tí ẹni náà ń lò kì í ṣe èyí tó rà. Èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ ni, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní kíráàkì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bàjẹ́ tó sì ra òmíràn, ẹ̀dà kíráàkì tó tún rí kò lè ṣí iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni MP3 kan ṣoṣo tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohùn agídìgbo Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú rẹ̀, a kò sì rí ọ̀nà tí a ó fi tún un ṣe.

Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 4 GB, káàdì ohùn ti USB tí ó ní ojú máíkì méjì, àti máíkì méjì. Mo gbọ́ pé àwọn sọ́fítíwíà kan wà tí kóòdù wọn (ìlànà tí a fi kọ wọ́n) wà ní gbangba fún gbogbo ènìyàn. Ṣé wọ́n tó iṣẹ́ yìí ṣe? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onísítúdíò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo bá ọ kẹ́dùn orin mẹ́rin yẹn, àbúrò mi. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń fi iṣẹ́ sítúdíò jẹun, ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. N kò tíì rí ẹni tó gbọ́ orin tán tó béèrè sọ́fítíwíà tí wọ́n fi gbà á. Àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ wọ̀nyí máa ń jẹ àkókò: wàá kọ́ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), wàá wá káàdì ohùn tó bá a mu, wàá máa ka ìwé ìtọ́sọ́nà lóru. Ẹni tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin kò ní àkókò yẹn láti fi dúró dè ọ́. Lo ohun tí àwọn tó wà nítòsí rẹ mọ̀, kí wọ́n lè ràn ọ́ lọ́wọ́, kí o sì tọ́jú iṣẹ́ náà sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Àìtọ́jú ló pa orin yẹn, kì í ṣe kíráàkì.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Ṣágámù)

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni ẹ sọ nípa ìtọ́jú, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Kódà bí ẹni yẹn bá ní ẹ̀dà iṣẹ́ náà ní ibi mẹ́ta, sọ́fítíwíà tí yóò ṣí i kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè bẹ ẹni tó ṣe é níṣẹ́ nítorí pé kò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àwọn olórin tí wọ́n ń gbé wá ni fáírọ́ọ̀sì ti jẹ, ìtàn wọn sì máa ń jọra: ẹni tó fún wọn ní kíráàkì ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì pa á.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí nínú ìdè, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ ọ́ fi ní láti máa ṣàlàyé ara wọn ní gbogbo ìgbà. Tiwa yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́, òmìnira ni òmìnira. Nígbà tí Richard Stallman, akọ̀wé kóòdù ará Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU, ètò sọ́fítíwíà òmìnira, ní 1983, òmìnira ló ń wá: kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè lo sọ́fítíwíà fún ohunkóhun tó bá wù ú, kó lè ka kóòdù rẹ̀, kó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò, kó sì lè tún un ṣe kó pín èyí tó tún ṣe náà. Ìwé àṣẹ GPL ló so àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí mọ́ sọ́fítíwíà.

Ẹ wo Cakewalk, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Gibson tó ni ín kéde pé òun kò ní máa ṣe é mọ́, jìnnìjìnnì sì bá àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. Ní 2018, BandLab rà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́, ọwọ́ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ náà ni ẹ̀mí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn sì wà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí Ardour tàbí Audacity, tí wọ́n jẹ́ sọ́fítíwíà òmìnira fún orin, ẹnikẹ́ni tó bá lágbára rẹ̀ lè gba kóòdù náà kó máa bá a lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún àbúrò wa ni Ardour fún gbígba orin àti pípò ó pọ̀, kí ó sì fi Audacity ṣe iṣẹ́ kéékèèké. Paul Davis ló bẹ̀rẹ̀ Ardour. Òun náà ló ṣe JACK, tó ń gbé ohùn láti inú sọ́fítíwíà kan bọ́ sínú òmíràn. Audacity ní tirẹ̀ ti wà láti ọdún 2000, Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ni Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí o bá gba orin pẹ̀lú Ardour, wo inú fódà iṣẹ́ náà: gbogbo tíráàkì (ohùn máíkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀) wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì WAV lásán, ìyẹn fáìlì ohùn tí a kò fún kéré bíi MP3, ètò tó so wọ́n pọ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ tí ojú lè kà. Bí Ardour bá parẹ́ lọ́la, ohùn Bàbá kò parẹ́.

Onísítúdíò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Sọ́fítíwíà tí mò ń lò náà ń kó WAV sínú fódà, nítorí náà ìyẹn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo sì fẹ́ béèrè ohun kan tí n kò fi bò: mo lọ sí ojú-òpó Ardour, owó ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó lè gbà á. Òmìnira wo nìyẹn?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Ṣágámù)

Ìbéèrè tó yẹ ni. Kóòdù Ardour wà fún gbogbo ènìyàn láìsanwó. Ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí ni èyí tí wọ́n ti sè jinná tán, tó ṣeé lò lójú ẹsẹ̀, fún Windows, Mac tàbí Linux, owó yẹn sì ni wọ́n fi ń jẹun. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta ọjà. Ṣùgbọ́n Debian àti Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ti fúnra wọn se tiwọn láti inú kóòdù kan náà, nítorí náà ẹni tó bá ń lo Linux kàn lè fà á wá láti inú ilé ìkósọ́fítíwíàsí wọn láìsan kọ́bọ̀. Fún kọ̀ǹpútà oní 4 GB, Debian pẹ̀lú ojú iṣẹ́ Xfce ni mo fara mọ́, torí pé kò wúwo. Ubuntu Studio ti kó ohun èlò orin jọ fúnni, àmọ́ yóò fẹ́ mẹ́mórì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara tó lè tù ú.

Ní ti WAV, mo gbà fún yín. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni gbogbo ohun tí a fi ṣe ohùn náà lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́yìn tí a gbà á: ibi tí a gé, ibi tí a dín ariwo kù, bí a ṣe gbé ohùn kan ju òmíràn lọ. Àwọn yẹn ló sọnù nínú orin mẹ́rin wọn.

Tísà Orin (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀, nítorí pé sọ́fítíwíà tó dára jù lọ kò lè tún ìjókòó tí kò dára ṣe.

Ọmọ Alágídìgbo, má ṣe jẹ́ kí ojú máíkì méjì kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ. Òótọ́ ni pé ní ìlú tìrẹ gan-an ni Àlàájì Haruna Ishola ti gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ń gba tíráàkì 24. Ohun ìwúrí ni fún gbogbo wa pé irú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú nígbà náà. Ṣùgbọ́n àpàlà jẹ́ orin àjùmọ̀jókòó. Àwọn tó ń ṣe é máa ń gbọ́ ara wọn, wọ́n sì máa ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí o bá yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí tíráàkì, o ti yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára orin náà.

Ìjókòó ni kí o fi ṣe ìdọ́gba ohùn. Jẹ́ kí Bàbá jókòó sí iwájú, kí máíkì kan kọjú sí ihò agídìgbo láti nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Kí máíkì kejì wà ní òkè díẹ̀, kó kọjú sí ẹnu Bàbá, kó sì máa gbọ́ àwọn yòókù lẹ́yìn wọn. Gángan àti agogo ni kí o sún sẹ́yìn jù, torí ohùn wọn mú. Gba ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo yín gbọ́ ọ, kí o wá sún ìjókòó, kí o tún gbà á. Èyí lè gba wákàtí kan. Má ṣe kánjú níbẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí o bá ti gbà á tán, kò sí ohun tí o lè fi ya gángan kúrò lára ohùn Bàbá.

Má ṣe lo aago tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ létí wọn fún ìdíwọ̀n ìgbà. Nínú àpàlà, ìlù máa ń yára díẹ̀ nígbà tí orin bá gbóná, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tí akọrin bá fẹ́ pa òwe. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ọgbọ́n orin náà ni. Pa àwọn ìlà ìdíwọ̀n tó wà nínú Ardour, má sì fa ìlù kankan sí orí ìlà.

Ní ti bí ohùn ṣe máa lágbára tó: gbà á ní 24-bit (iye bit ló ń sọ bí a ṣe wọn agbára ohùn fínnífínní tó) àti 48,000 Hz (iye ìgbà tí a ń wọn ohùn ní sẹ́kọ́ńdì kan). 16-bit ní àyè nǹkan bíi 96 dB (dB ni ìwọ̀n agbára ohùn) láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, 24-bit ní tirẹ̀ ní nǹkan bíi 144. Nítorí náà kò sídìí láti máa gbé ohùn ga títí yóò fi fẹ́ kan òrùlé. Bí ibi tó ga jù bá wà ní ìwọ̀n -12 dB, ìyẹn dB méjìlá sísàlẹ̀ òrùlé, ó tó; àpàlà lè bú gbàmù nígbàkigbà. Àyè tí yóò gbà nínú kọ̀ǹpútà kò pọ̀ rárá: ìṣẹ́jú kan fún tíráàkì kan jẹ́ 8.64 MB, wákàtí kan fún tíráàkì méjì sì jẹ́ nǹkan bíi 1.04 GB. Fúláàṣì kékeré gbà á.

Ọmọ Alágídìgbo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fi Debian sí kọ̀ǹpútà náà, Ardour sì ti ṣí. Káàdì ohùn náà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi nǹkan kan kún un.

Ìṣòro méjì ló kù. Èkíní, nígbà tí mo dán an wò pẹ̀lú agídìgbo nìkan, ohùn ń já wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Èkejì, nígbà tí mo fẹ́ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé ohun tí mo ti gbà, ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó dé etí mi nínú hẹ́ẹ̀dífóònù, ọwọ́ mi sì ń ṣìnà. Ariwo kan tó ń kùn tún wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Ṣágámù)

Ìdí kan náà ni ìṣòro méjì àkọ́kọ́ ní. Kọ̀ǹpútà kì í gbé ohùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dúró kí igbá kún kó tó rù ú. Igbá yìí ni Ardour ń pè ní buffer. Bí igbá bá kéré, ohùn yóò tètè dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò máa sáré lọ sáré bọ̀, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ péré, ohùn yóò já. Bí igbá bá tóbi, kò ní já, ṣùgbọ́n yóò pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sí i. Ní 48,000 Hz, igbá oní 128 (ìyẹn tó ń gba ẹyọ ohùn 128) máa ń kún ní mílísẹ́kọ́ńdì 2.7, ti 256 ní 5.3, ti 1024 ní 21.3. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Èyí ni pé igbá oní 1024 dà bí ìgbà tí onílù kan jókòó sí mítà méje sí ọ, ti 256 sì dà bí ẹni tó wà ní ìwọ̀n mítà méjì. Iye yìí kàn jẹ́ fún ìgbà tí ohùn ń wọlé; yóò tún lo àkókò kí ó tó jáde.

Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń ṣeré pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi hẹ́ẹ̀dífóònù gbọ́ ara rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, lo 1024. Ìpẹ́ kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ohùn kò sì ní já. Nígbà tí o bá fẹ́ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé e, wo ara káàdì ohùn rẹ bóyá bọ́tìnì kan wà tó ń gbé ohùn máíkì lọ sínú hẹ́ẹ̀dífóònù tààrà láìgba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Bí ó bá wà, tẹ̀ ẹ́, kí o sì pa ohùn tíráàkì tí ò ń gbà lọ́wọ́ nínú Ardour. Pa Wi-Fi, kí o sì ṣètò iná kọ̀ǹpútà sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní agbára kíkún dípò èyí tó ń fi bátìrì pamọ́. Ẹ̀rọ Linux fúnra rẹ̀ ti ń dára sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí wọ́n ń pè ní PREEMPT_RT, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́ ṣíwájú òmíràn, ti wọnú Linux gan-an láti ẹ̀dà 6.12 ní 2024. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún iṣẹ́ tìrẹ.

Ariwo tó ń kùn, yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò kí o tún gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀nà iná ló gbé e wọlé. Fi bátìrì gba orin. Bí kò bá dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀gbẹ́ ni kí o fura sí.

Ìyá Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń kà á bọ̀ láti òkè, inú mi sì dùn. Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn. Ta ni yóò ni orin yìí lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á tán? Lọ́dún kan, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń múra Ojúde Ọba, a san owó fún ẹnì kan pé kó gba orin ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ ohùn àwọn àgbà wa nínú ìpolówó ọjà kan, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ òmìnira. Ṣé òmìnira yẹn kò ní túmọ̀ sí pé gbogbo ayé lè mú orin Bàbá lọ?

Tísà Orin (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ ṣeun, Mà. Ìwé àṣẹ Ardour kò kan ohun tí a bá fi Ardour ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rọ ọkọ́ kò ṣe ní ẹ̀tọ́ sí iṣu inú oko. Orin náà jẹ́ ti àwọn tó ṣe é. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ mọ ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré sí ohun tí wọ́n ṣe, èyí sì yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tó wà lórí gbígbà tí a gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, kí àbúrò wa jókòó ti àwọn àgbà márààrún kí wọ́n tó lu ìlù kankan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orin wo ni wọ́n fẹ́ kí ayé gbọ́, èwo ni ti ìdílé nìkan, ta ni yóò sì gba owó bí owó bá wọlé. Kí wọ́n bu ọwọ́ lù ú.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn mìíràn lò ó, ìwé àṣẹ Creative Commons wà ní oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n ń pè ní BY-NC gba ènìyàn láyè láti lò ó bí wọ́n bá dárúkọ ẹni tó ṣe é, tí wọn kò sì fi pa owó. CC0 ní tirẹ̀ jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ pátápátá. Kí ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó mú èyíkéyìí, nítorí pé ẹni tó bá ti gbà á lábẹ́ ìwé àṣẹ náà, ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ibi tí mo ti rí àǹfààní òmìnira jù ni ọ̀rọ̀ ìró agídìgbo, ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Ahọ́n irin agídìgbo kò tẹ̀ lé dùùrù òyìnbó. Ẹni tó ṣe é ló fi etí rẹ̀ tò ó. Ọ̀nà tí a fi ń wọn àyè láàárín ìró méjì ni cents: láti ìró kan dé ìró kejì tó bá a mu lókè, tí Hz rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, jẹ́ 1200, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí dùùrù sì jẹ́ 100. Ká ní ahọ́n kan ń dún ní 110 Hz (ó ń gbọ̀n nígbà 110 ní sẹ́kọ́ńdì kan), tí òmíràn sì ń dún ní 161 Hz. Àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ 659. Dùùrù ní 600, ó tún ní 700. Kò ní ohunkóhun láàárín. Ẹni tó bá fi kíbọ́ọ̀dù gbè é ní 700 yóò fi 41 ṣìnà, etí Bàbá yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nínú Audacity, gba ohùn ahọ́n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yàn án, kí o sì ṣí Plot Spectrum: yóò fi ibi tí ìró náà ti ga hàn ọ́ ní Hz. Lẹ́yìn náà, o lè kọ àwọn ìwọ̀n yẹn sínú fáìlì Scala, tó ń sọ fún sọ́fítíwíà orin bí ìró ṣe tò, tí í sì ṣe ọ̀rọ̀ kíkọ lásán: ìlà àpèjúwe kan, iye ìró, lẹ́yìn náà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Má gbàgbé àmì kókó nínú nọ́ńbà cents, kọ 659.0, nítorí pé bí o bá kọ 659 lásán, yóò kà á sí ìlọ́po 659. Surge XT, sọ́fítíwíà tó ń dá ohùn orin sílẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba láti 2018, máa ń ka irú fáìlì yìí, gbogbo ìró inú rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé agídìgbo Bàbá. Kì í ṣe agídìgbo ni yóò máa tẹ̀ lé kíbọ́ọ̀dù mọ́.

Gángan ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má fi kọ̀ǹpútà ṣe rárá. Lóòótọ́, MIDI, èdè tí ohun èlò orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ní ìgbésẹ̀ 16,384 fún yíyí ìró sókè sódò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ, ẹni tó sì ń fún awọ rẹ̀ mọ́ra mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ gba onígángan náà sílẹ̀.

Aṣẹ̀rọ (Òde Rẹ́mọ)

Mo fẹ́ fi ohun kékeré kan kún un nípa máíkì. Bí ohùn gángan bá ń wọnú máíkì agídìgbo jù, wá èyí tí wọ́n ń pè ní piezo, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tó ń bẹ nínú ohun tó ń dún pìì nínú aago àti àwọn ohun ìṣeré. Kì í wọ́n. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí agídìgbo. Ìgbọ̀nrìrì igi ló ń gbọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà ohùn àwọn ìlù yòókù kò ní wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ojú tí wọ́n ń ki gìtá sí lára káàdì ohùn ni kí o kì í sí. Ojú máíkì lásán yóò mú kí ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ sá lọ, yóò sì dún bí agolo.

Piezo kan náà la fi ń ṣe ìlù tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mo fi Arduino Leonardo, kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó kan, ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Leonardo ni mo mú nítorí pé kọ̀ǹpútà lè rí i bí ohun èlò MIDI tààrà, Uno, tó jẹ́ Arduino mìíràn, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi rẹ̀síṣítọ̀ mẹ́gà-óòmù kan kọjá láàárín ẹsẹ̀ piezo méjèèjì kí iná rẹ̀ má bàa ba Arduino jẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí a bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, kó má ka ohunkóhun mìíràn fún mílísẹ́kọ́ńdì 40. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlù kan yóò di mẹ́ta. Hydrogen, tó jẹ́ sọ́fítíwíà òmìnira fún ìlù, ló ń dá a lóhùn.

Onísítúdíò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní tan ẹnikẹ́ni: iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ṣì wà nínú sọ́fítíwíà tí mo mọ̀, n kò sì lè kó wọn kúrò níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti ti orin mẹ́rin yẹn dùn mí, nítorí pé mo mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ mi náà. Láti òní lọ, ẹni tó bá gba orin níbí yóò gba tíráàkì kọ̀ọ̀kan ní WAV láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe MP3 nìkan.

Àbúrò, mo ní káàdì ohùn kan tí ó ní ojú mẹ́rin, mo sì ti fi Linux dán an wò lánàá, ó ṣiṣẹ́. Wá yá a. Mú máíkì méjì mi kún tìrẹ.

Ọmọ Alágídìgbo (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀gbọ́n Onísítúdíò, Ọlọ́run yóò fún yín ní pípọ̀ si. A gbà á ní àná, nínú pálọ̀ Bàbá, láti aago méje òwúrọ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀.

A kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn náà. Wọ́n ní orin mẹ́fà lè jáde fún gbogbo ayé, méjì sì jẹ́ ti ìdílé. Àwọn mẹ́rin bu ọwọ́ lù ú, alágogo sì tẹ̀ka. Ìjókòó gba ìṣẹ́jú àádọ́ta kí ó tó bọ́ sí i. Piezo wà lára agídìgbo, máíkì kan wà níwájú ihò rẹ̀, ọ̀kan wà fún ẹnu Bàbá, ọ̀kan sì wà láàárín àwọn ìlù. Igbá 1024 ni mo lò, ohùn kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ariwo tó ń kùn dákẹ́ nígbà tí mo yọ ṣájà, bátìrì sì gbé wa dé orin karùn-ún kí a tó sinmi.

Nígbà tí mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù sí Bàbá létí, wọ́n gbọ́ orin àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n dá a padà sí àárín. Wọ́n ní ahọ́n kẹta agídìgbo ti sún kúrò níbi tó yẹ kó wà, pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, wọn kò kàn gbọ́ ọ dáadáa tó bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nísinsìnyí. Mo ṣí Plot Spectrum, mo sì fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní nọ́ńbà kọ́ ni àwọn fi mọ̀, wọ́n wọ iyàrá lọ mú òòlù kékeré wọn jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan irin náà díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo WAV náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, nínú fúláàṣì kan ní ọwọ́ àǹtí mi ní Ṣágámù, àti ẹ̀dà FLAC rẹ̀ (tó kéré ju WAV lọ láìsọ ohùn kankan nù) lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó tún orin kìíní àti ìkẹrin gbà pẹ̀lú ahọ́n tí wọ́n ti tún tò. Tísà, mo fẹ́ gba ohùn ahọ́n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà fún fáìlì Scala. Ṣé kí n gbà á pẹ̀lú piezo ni, tàbí pẹ̀lú máíkì?

Tísà Orin (Ìkẹ́nnẹ́)

Gbà á pẹ̀lú méjèèjì. Fi piezo wọn ìró rẹ̀, kí o sì tọ́jú ti máíkì fún ohùn. Jẹ́ kí ahọ́n kọ̀ọ̀kan dún títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí o tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ mi bá ṣí ní Sátidé, n ó wá.